Ọjọ́ orí kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ́mù

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu àwọn àgbà Èkó tó bá ń múra àtilọ kí ọmọ wọn lókè òkun. Ẹ ní kí wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì mùsíọ́mù sílẹ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù, wọ́n á ní: "Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún? Ta ló fẹ́ dá mi dúró lẹ́nu géètì?" Wọ́n ń sọ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń sọ ọ́ ní Surulere, ó sì ti wá sú mi í gbọ́.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un. Bí màmá arúgbó bá wọ báńkì níbí, sikiọ́ríìtì á ní, "Màmá, ẹ máa bọ̀ níwájú." Ní mùsíọ́mù Oníkàn, ẹ ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ ó wo mọ́tò tí wọ́n yìnbọn pa Murtala Muhammed sí lọ́dún 1976, ẹ ó sì máa lọ sílé. Pé Paris àti Rome kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò rò pé ó tó ohun tí à ń jiyàn lé.

Ohun tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra ni owó àti àyè. Ẹ̀dínwó àgbà, owó ló ń dín, kì í dá àyè sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀fẹ́ gan-an kì í dá a sílẹ̀. Mùsíọ́mù ìtàn àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣí ní Washington lọ́dún 2016 kì í gba kọ́bọ̀, síbẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìwọlé tí wọ́n kọ aago sí.

Ẹ wo ti Milan. Ara ògiri yàrá ìjẹun àwọn mọ́ńkì ni Leonardo da Vinci ya Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn sí, láàárín 1495 sí 1498. Ògiri gbígbẹ ló yà á sí, ọ̀dà náà kò wọ ògiri lára, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Eruku àti ọ̀rinrin ni wọ́n ń sá fún báyìí. Èèyàn díẹ̀ ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú 15 péré, ilẹ̀kùn kan á sì ti pa kí èkejì tó ṣí. Ta lẹ fẹ́ bẹ̀ níbẹ̀? Èémí àgbà, èémí ọmọdé, ọ̀rinrin kan náà ni lójú ògiri. Ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè dọ̀bálẹ̀ kí yín, kò ní lè fi yín kún wọn. Mo tún un sọ: kò ní lè fi yín kún wọn.

Ẹ̀dínwó ọ̀hún gan-an, ibo ló wà? Mùsíọ́mù Louvre ní Paris kì í ṣe é fún àgbà. Ítálì tó ń jẹ́ kí ẹni tó lé ní 65 wọ mùsíọ́mù ìjọba lọ́fẹ̀ẹ́ fagi lé e lọ́dún 2014. Mùsíọ́mù Prado ní Madrid ṣì ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n á fẹ́ rí ọjọ́ ìbí yín, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pa irun láró. Ní ti ilé tí Anne Frank, ọmọ Júù tó kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, sá pamọ́ sí fún àwọn Násì ní Amsterdam, orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ń gbé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i jáde.

Mi ò ní gbogbo ibi ló rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀fẹ́ ni British Museum ní London, ẹni tí kò gba nǹkan kan sílẹ̀ sì sábà máa ń ráyè wọlé, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè gba ìdúró. Òṣìṣẹ́ ibòmíràn lè rí ọ̀pá lọ́wọ́ yín kó mú yín lọ síwájú ìlà. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ṣe kòńgẹ́. Àmọ́ iwájú ìlà lẹ dé yẹn. Wọ́n á ṣì béèrè tíkẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ ẹ bá wá gbà, ẹ ṣọ́ ọmọ tó ń bá yín tẹ fóònù. Láti 2023 ni orúkọ ti wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, pápá ìran àtijọ́ tó wà ní Rome, wọ́n sì lè fi wé ìwé ìdánimọ̀. Kó má kọ "Alhaja" síbẹ̀, kó má kọ "Màmá Ṣadé". Bó ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù ni kó kọ ọ́. Kó sì rí i pé ojú òpó mùsíọ́mù náà fúnra rẹ̀ ló wà: ìpolówó àwọn alárinà ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lórí Google, owó tí wọ́n ń lé lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í sì í ṣe kékeré.