Ọmọ yín obìnrin ti pé ọdún mẹ́sàn-án, ó ti tó gba abẹ́rẹ́ HPV

Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní àjẹsára HPV, ìyẹn kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, lọ́fẹ̀ẹ́. Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun wà lára àwọn tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún 2024, ó kan Ọ̀yọ́, Oǹdó, Èkìtì, Kwara àtàwọn ìpínlẹ̀ tó kù. Àwa nọ́ọ̀sì gbé kúlà dé iléèwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ọjà, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọmọ ló sì gbà á. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn gan-an.

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún mẹ́sàn-án ló ń kọ mí lóminú báyìí. Ìpolongo ńlá yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, abẹ́rẹ́ náà ti di ara àjẹsára tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ déédéé ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ìjọba. Òbí ló kù tó máa mú ọmọ wá. Bẹ́ẹ̀, àjẹsára ọmọ ọwọ́ ni àwọn ìyá mọ̀. Tí ọmọ bá ti ń rìn, káàdì ti wọ àpótí nìyẹn. Ta ló ń mú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ara rẹ̀ le koko lọ gba abẹ́rẹ́? Èyí tí kò lọ síléèwé, tó ń kiri ọjà tàbí tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ló ṣòro jù láti rí.

Ọjọ́ orí yẹn ní ìdí. Ìbálòpọ̀ ló ń kó HPV ranni, abẹ́rẹ́ kì í sì í lé kòkòrò tó ti wọlé jáde. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń borí rẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ tí oríṣi HPV tí wọ́n ń pè ní 16 tàbí 18 bá fìdí kalẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Àwọn méjèèjì yìí ló ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ náà. Tí ọmọ bá ń lo oògùn HIV, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, torí tirẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Àwọn bàbá ṣì ń bi mí bóyá kò ní sọ ọmọ àwọn di àgàn. Mi ò kí í bínú sí wọn. Irú ìbẹ̀rù yìí ló dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní Kano ní 2003. Kò sí kòkòrò HPV alààyè kankan nínú abẹ́rẹ́ náà. Láti 2007 ni Australia ti ń fún àwọn ọmọ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ìyá ọlọ́mọ. Jẹjẹrẹ yẹn gan-an ló ń mú kí wọ́n gé ilé ọmọ obìnrin kúrò.

Ẹ béèrè ọjọ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ yín. Tí ọmọ bá ti kọjá 14, owó gọbọi ni ẹ ó fi gbà á ní ilé ìwòsàn aládàáni. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e lọ, tẹ́ ẹ sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹnu ilé ọmọ tiyín náà wò.