Kọ́là àbí hánẹ́ẹ̀sì? Ẹ fi ọrùn ọmọ ajá náà sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tí ẹ fẹ́ gbọ́, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò ní kà á dé ìsàlẹ̀: hánẹ́ẹ̀sì, ìyẹn okùn tí a ń wọ̀ sí àyà ajá, ni kí ẹ máa fi mú ọmọ ajá rìn. Kọ́là, ìyẹn bẹ́líìtì ọrùn, lè wà lọ́rùn rẹ̀, kí nọ́ńbà fóònù yín wà lára rẹ̀, kí ẹni tó bá rí i he lè pè yín. Ṣùgbọ́n okùn tí ẹ dì mú lọ́wọ́, àyà ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kan ọrùn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Kò parí, nítorí pé bí mo bá wa mọ́tò láti Mọ́kọ́lá dé Bódìjà lówùúrọ̀, mo máa rí ọmọ ajá tí kò tíì pé oṣù 3 tí wọ́n so mọ́ ṣéènì irin tó yẹ kí wọ́n fi ti géètì, tí àgádágodo tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó orí rẹ̀ sì ń gbá a láyà bó ṣe ń rìn. Bí mo bá bi ẹni tó mú un, èsì kan náà ni: "Dókítà, Boerboel ni o! Ó máa tóbi." Mo gbà, ó máa tóbi. Lónìí ńkọ́?

Ẹ fi ìka kan iwájú ọrùn ara yín, lábẹ́ gògóńgò, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Ohun tó le díẹ̀ tí ẹ kàn yẹn ni ọ̀nà èémí. Ibẹ̀ náà ni ti ajá wà, awọ àti ẹran díẹ̀ péré ló sì bò ó. Kì í ṣe egungun gidi. Egungun rírọ̀ ni, ó jọ èyí tó wà nínú etí yín. Òrùka òrùka ni Ọlọ́run tò ó, ó lé ní 30, láti ọ̀fun títí wọ inú àyà, kò sì sí èyí tí ẹnu rẹ̀ pàdé nínú wọn. Ní apá ẹ̀yìn, awọ àti iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ló so ẹnu òrùka pọ̀. Nínú ọmọ ajá, àwọn òrùka yìí kò tíì gbó rárá. Ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà tí ẹ fi ń fọ mọ́tò, omi á dínkù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, á tún ṣí. Ẹ wá tẹ ojú kan náà lójoojúmọ́ fún ọdún kan, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà yẹn ṣì máa ṣí tán. Ohun tí kọ́là ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọmọ ajá bá ń fà síwájú tí ẹ̀yin náà ń fà sẹ́yìn.

Àwọn ajá kan wà tí wọ́n ti bí àìlera yìí mọ́: Yorkshire Terrier, Pomeranian, Chihuahua. Òrùka ọ̀nà èémí tiwọn máa ń dẹ̀, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Kọ́là kọ́ ló dá àìsàn náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń jí i dìde. Ikọ́ gbígbẹ ló máa ń mú wá, gẹn-gẹn-gẹn, pàápàá bí inú ajá náà bá dùn tàbí tí okùn bá fún un lọ́rùn. Pug àti Bulldog, àwọn onímú kúkúrú, èémí ti ń ṣòro fún wọn kí ẹnikẹ́ni tó so nǹkan kan mọ́ wọn. Màmá kan gbé ajá Lhasa wá bá mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní ikọ́ kò jẹ́ kó sùn. Wọ́n ti fún un ní oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́. Wọ́n ti fún un ní àgbo. Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tó kù tí wọn kò sọ fún mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú bẹ́líìtì ọrùn yẹn." Wọ́n tú u. Ajá náà mí kanlẹ̀, ó sì jókòó. Wọ́n ń wò mí bíi pé mo pidán.

Ojú náà wà níbẹ̀ tí ẹ kì í rò. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ̀ láti orí, ẹ̀gbẹ́ ọrùn ló gbà. Bí kọ́là bá fún un, ẹ̀jẹ̀ á dúró sókè, ojú á sì le. Àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà ti wọn èyí, iṣẹ́ wọn jáde ní 2006: bí ajá bá ń fà lòdì sí kọ́là, agbára tó wà nínú ẹyinjú rẹ̀ máa ń lọ sókè, nígbà tó wọ hánẹ́ẹ̀sì, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ajá rẹ̀ ní ìṣòro ojú tẹ́lẹ̀, tó sì tún ń fi kọ́là wọ́ ọ kiri, kó má wulẹ̀ wá ra oògùn ojú lọ́wọ́ mi.

Nípa bí ẹ ṣe máa wọ hánẹ́ẹ̀sì fún un, kò le, ẹ máa rí i. Irú èyí tí ẹ máa rà ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Iwájú rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kó rí bíi lẹ́tà Y: kí okùn méjì sọ̀ kalẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ọrùn, kí wọ́n pàdé lórí egungun àyà, kí ọ̀kan wá gba àárín ẹsẹ̀ iwájú kọjá. Èyí tó dábùú èjìká gbọọrọ, tí wọ́n ń tà káàkiri nítorí pé ó tètè wọ̀, ó lè dí ẹsẹ̀ ajá lọ́wọ́ láti nà síwájú dáadáa. Ibi tí ìkọ́ okùn wà náà ṣe pàtàkì. Bí ajá bá lágbára tó sì ń fà, ẹ wá èyí tí ìkọ́ rẹ̀ wà ní iwájú àyà. Bó bá fà, ara rẹ̀ ló máa yí padà sọ́dọ̀ yín. Ìkọ́ ẹ̀yìn nìkan á jẹ́ kí fífà rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Àwọn tó ń gbé inú yìnyín ní òkè àríwá ayé, hánẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń fi so ajá mọ́ ẹrù tó ń wọ́. Nítorí náà, ẹ má bínú sí hánẹ́ẹ̀sì pé ajá yín ń fà. Bó bá fà, ẹ dúró. Bí okùn bá dẹ̀, ẹ máa lọ. Kò sí oògùn míì fún un.

Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ gbogbo okùn rẹ̀. Kó má fún ju ìyẹn lọ, kó má sì dẹ̀ jù ú lọ, nítorí pé ọmọ ajá tí ẹ̀rù bà kì í sá síwájú, ẹ̀yìn ló ń fà sí, ó sì máa yọ́ jáde nínú ohun tó bá dẹ̀. Ìwó Róòdù kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń lé ajá. Ẹnìkan tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí wá jókòó síwájú mi, ó ń pòwe ajá tí yóò sọnù tí kò ní gbọ́ fèrè ọdẹ. Fèrè wo? Kò fọn fèrè kankan, hánẹ́ẹ̀sì àgbàlagbà ajá ló wọ̀ fún ọmọ ajá, ó ní kó má baà tún òmíràn rà.

Aṣọ rẹ̀ ńkọ́? Ìlú Ìbàdàn gbóná, ẹ ra onínẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ má sì sá a sórí koríko tàbí ilẹ̀ nígbà tó bá tutù. Eṣinṣin kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa ń yé ẹyin sára aṣọ tútù àti yẹ̀pẹ̀ tí ìtọ̀ wà. Bí ẹyin yẹn bá pa, ìdin rẹ̀ á wọ inú awọ lọ, á sì di eéwo. Òun náà ló mú kí àwọn ìyá wa máa lọ aṣọ ọmọ ìkókó kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ fún un. Ẹ kì í lọ hánẹ́ẹ̀sì. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kanrinkanrin.

Ohun tó ń bí mi nínú jù wá nìyí: ọmọ ajá ń dàgbà, ohun tí ẹ so mọ́ ọn kì í dàgbà. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí ẹ máa fi ìka méjì yẹn wò ó. Mo máa ń sọ ọ́, wọ́n máa ń mi orí.

Ọkùnrin kan gbé ajá wá láti apá Ẹlẹ́yẹlé, ajá bí oṣù 8, ó ní ó ń rùn. Wọ́n ti fi ọṣẹ dúdú wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti wá òkú eku yí ilé ajá ká, wọn kò rí nǹkan kan. Mo tu irun ọrùn rẹ̀ wò, mi ò rí kọ́là, ojú egbò ni mo rí, ó yí ọrùn po.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ so mọ́ ọn lọ́rùn?"

"Kò sí nǹkan kan mọ́, Dókítà. Ondè tí wọ́n so fún un ní kékeré ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti já bọ́ tipẹ́."

Kò já bọ́. Inú ẹran ló wà. Wáyà ni wọ́n fi so ó, wọ́n rán awọ bò ó. Bí ọrùn ṣe ń tóbi ló ń gé e wọlé, awọ ara ajá sì ti ń bò ó mọ́lẹ̀ láwọn ibì kan. Ìdin ti dé ibẹ̀. A ní láti fún un ní oògùn oorun kí a tó lè gé wáyà yẹn jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí mo sọ lókè yẹn kò jìnnà síbẹ̀. Ó yè. Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi so ondè náà. Wọ́n ní kí olè má baà jí i ni. Olè kò jí i lóòótọ́. Ta ló máa jí ajá tó ń rùn?

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó gbà gbọ́. Ẹ so ondè mọ́ géètì. Ẹ so ó mọ́ òrùlé ilé ajá. Ṣebí àwọn ọdẹ náà ń so ṣaworo mọ́ ajá wọn lọ́rùn? Bẹ́ẹ̀ ni, ajá tó ti gbó, ṣaworo tó dẹ̀, ọdẹ kò sì di okùn kankan mú; ajá ló ń sáré níwájú. Ọdẹ mọ ohun tó ń ṣe ju onílé tó ń so wáyà mọ́ ọmọ oṣù 2 lọ.

Ẹni tó so ondè yẹn ló wá jẹ́ kí orí mi gbóná. "Dókítà ajá" kan ni, ọ̀kadà ló ń gùn kiri. Òun náà ló ta ṣéènì fún wọn. Òun náà ló gún ajá ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, inú báàgì ẹ̀yìn ló ti yọ ọ́ jáde, nínú oòrùn ọ̀sán. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kì í kúrò nínú òtútù, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí oòrùn Ìbàdàn bá ti pa á, ẹ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní yí padà, ìgò rẹ̀ kò ní fọ́. Owó yín ti lọ, ajá yín kò ní ààbò kankan, ẹ̀yin sì ń jẹ́ kí ọmọ yín máa bá a ṣeré. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ dókítà ẹranko ní Yunifásítì, kí orúkọ rẹ̀ tó wọ ìwé Veterinary Council of Nigeria. Ọlọ́kadà yìí, ta ló kọ́ ọ? Irú wọn ló ń sọ pé kí ẹ fún ajá ní ẹ̀tù ìbọn kó lè burú. Ìfun rẹ̀ ni yóò bàjẹ́. Irú wọn ló ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú ra ajá tí irun rẹ̀ ń re; ajá á lá a, á mu ún, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín rẹ̀ ló máa sanwó.

Dìgbòlugi kì í ṣe eré. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, a kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ẹni tó yè é. Bí ajá bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ata sí i. Ẹ má fi irun ajá tó géni jẹ sí i. Mo ti rí méjèèjì.

Ẹ wò ó, kí ẹ tó ra hánẹ́ẹ̀sì kankan, ọmọ ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò tíì pé kò ní nǹkan kan í ṣe ní títì. Láti ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa tún un gún ní ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 síra wọn títí ọ̀sẹ̀ 16. Ti dìgbòlugi, bó bá ti pé oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Àìsàn parvo tó ń jẹ́ kí ọmọ ajá máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò rẹ̀ lè wà nínú yẹ̀pẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, òjò kì í fọ̀ ọ́ lọ. Nínú ọgbà yín ni kí ẹ ti máa kọ́ ọ ní hánẹ́ẹ̀sì wíwọ̀ fún àkókò yẹn, ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ fún un ní ẹran kékeré, kí ẹ bọ́ ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ kí n bá òun wọn àyà ọmọ ajá kó tó lọ rà á ní Dùgbẹ̀, kó gbé e wá lówùúrọ̀ kí oòrùn tó mú. Mi ò gba owó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, èyí tí orúkọ àti òǹtẹ̀ dókítà wà lórí rẹ̀. Bí kò bá sí káàdì, abẹ́rẹ́ la máa kọ́kọ́ sọ, ìyẹn sì lówó nínú.