Àkọlé Project Yín Ti Fẹ̀ Jù

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé kíkọ ló le nínú project. Lójú èmi tí mo ń bójú tó iṣẹ́ àṣekágbá àwọn ọmọ 400 level, kíkọ kọ́. Ìlà kan ṣoṣo tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, ìyẹn àkọlé, níbẹ̀ ni nǹkan ti ń wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àkọlé tó gba gbogbo Nàìjíríà wá, á sáré kọ orí kìíní, á da orí kejì kọ látinú iṣẹ́ àwọn tó ti jáde ṣáájú rẹ̀. Tó bá wá kan orí kẹta, níbi tó ti gbọ́dọ̀ sọ àwọn tó fẹ́ bi léèrè àti bó ṣe máa rí wọn, ẹnu á wọhò. Láti ọjọ́ náà lọ, tó bá rí alábòójútó lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa gbà.

Bó ṣe sábà máa ń lọ ní ọ́fíìsì nìyí:

"Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an?"

"Ma, mo fẹ́ mọ ipa tí tiránsífà àti POS ń kó nínú ọrọ̀ ajé Nàìjíríà."

"Lọ́dọ̀ ta ni?"

"Àwọn oníṣòwò, ma."

"Oníṣòwò wo? Níbo? Láti ìgbà wo?"

Ìbéèrè mẹ́ta tó gbẹ̀yìn yẹn ni project. Tó bá jẹ́ pé Ìbàdàn lọmọ yìí ń gbé, tí ìyá rẹ̀ sì ń ta áńkárá ní Gbági, ohun tó ń wá kiri ò jìnnà sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ àwọn owó náírà kan, tí kéèṣì wọ́n bí imí eégún, àwọn ìyá tí kì í gba tiránsífà tẹ́lẹ̀ gbà á tipátipá. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé owó ti wọlé? Ta ló ń bá wọn wo álàátì? Nígbà tí kéèṣì padà dé, àwọn wo ló padà sídìí rẹ̀, kí ló sì fà á? Ẹ wo àkọlé tó máa jáde níbẹ̀: "Bí àwọn aláṣọ ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, ṣe ń gba owó lọ́wọ́ oníbàárà láti ìgbà ọ̀wọ́n náírà ọdún 2023." Kò dún gbì bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan lè ṣe é parí, owó ọkọ̀ rẹ̀ ò sì ní pa yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kan nínú orí kìíní, ẹ mú abala ìwé kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ síbẹ̀, ẹ kọ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì kọ bí ẹ ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹni náà. Tí èyí tó kẹ́yìn bá ṣòfo, ẹ tètè pa àkọlé dà. Lásìkò yìí, kò tíì ná yín ní nǹkan kan.

Orí kẹta yìí náà ni Taro Yamane, onímọ̀ ìṣirò kan, máa ń gbà wọlé. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, àwọn tó mọ ohun tí ìṣirò rẹ̀ ń ṣe ni kò pọ̀. Iye ènìyàn tí ẹ máa bi léèrè ló ń wá fún yín. Ká ní ìwé orúkọ ẹgbẹ́ aláṣọ ní ènìyàn 600, tí ààyè àṣìṣe, ìyẹn bí ìdáhùn àwọn tí ẹ bi ṣe lè yàtọ̀ tó sí ti gbogbo ẹgbẹ́, sì jẹ́ 0.05, tó máa di 0.0025 tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ sọ 600 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.0025, ó di 1.5. Ẹ fi 1 kún un, ó di 2.5. Ẹ wá fi 2.5 pín 600, ènìyàn 240 ni. Ẹni tó bá fi gbogbo èrò Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe é máa rí nǹkan bíi 400. Ẹni tó fi gbogbo Nàìjíríà ṣe é máa rí 400 náà, torí pé pẹ̀lú 0.05, ìṣirò yìí ò lè kọjá ibẹ̀ láéláé. Ẹ ti wá mọ ìdí tí 400 fi kún inú project káàkiri.

Iye yẹn ò tilẹ̀ wúlò tí ẹ ò bá ṣẹ́ gègé yan àwọn ènìyàn náà látinú ìwé orúkọ. Tó bá jẹ́ àwọn tí sọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́nu géètì nìkan lẹ bi, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú orí kẹta. Ní tèmi, tí ẹ̀ka yín bá gbà, aláṣọ 15 tí ẹ jókòó tì tí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn dáadáa wù mí ju ènìyàn 400 tó kàn ń fàmì sí ìwé lọ.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì lẹ fi ń kọ ìwé ìbéèrè, Yorùbá sì ni ìyá aláṣọ fẹ́ gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa túmọ̀ rẹ̀ lórí ìdúró. Láàárọ̀, á ní, "Ṣé ọkàn yín balẹ̀ sí tiránsífà, ma?" Tó bá di ọ̀sán tó ti rẹ̀ ẹ́, á ní, "Ṣé tiránsífà kì í dà yín láàmú, ma?" Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ ò lè ka ìdáhùn wọn pọ̀. Ẹ kọ Yorùbá rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé, kí ẹ fi àmì ohùn sí i. Kí ẹlòmíì tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ wo ibi tó ti yàtọ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ má fi "èló lẹ ń pa lójúmọ́" bẹ̀rẹ̀. Agbowó-orí ni wọ́n máa pè yín.

Àwọn kan wà tí wọn kì í dé ọjà rárá. Hostel ni wọ́n ń jókòó sí pẹ̀lú bírò oríṣiríṣi, tí wọ́n á dáhùn gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Olùyẹ̀wò tó ń wá láti ìta ti rí irú rẹ̀ rí. Ènìyàn gidi máa ń fo ìbéèrè, ó máa ń ta ko ara rẹ̀. Tí kò bá sí àlàfo kan nínú ìwé tó tó 240, ara á fu ú.

Nípa orí kejì, ẹ má kàn máa to "lágbájá sọ pé, tàmẹ̀dù sọ pé" tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ sọ ibi tí wọ́n ti fẹnu kò àti ibi tí wọn ò ti gbà fún ara wọn. Tó bá jẹ́ ChatGPT lẹ bi pé kó dárúkọ ìwé fún yín, ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí Google Scholar, torí ó máa ń dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò kọ rí. Èyí tí ẹ ò bá fojú ara yín rí, ẹ yọ ọ́.

Tí ẹ bá ń gbé àtúnṣe lọ bá alábòójútó, ẹ mú ti àtijọ́ tó fi bírò pupa kọ nǹkan sí mọ́ ọn, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí e-mail ara yín lálaalẹ́, nítorí fáírọ́ọ̀sì business centre ò mojú ẹnì kankan.

Ẹ má sì dì í ní ẹ̀yìn líle kí ọjọ́ defence, ìyẹn ọjọ́ tí ẹ máa ṣàlàyé iṣẹ́ yín níwájú àwọn olùkọ́, tó pé, spiral ti tó. Wọ́n máa ní kí ẹ tún nǹkan ṣe, pàápàá ìwé ìtọ́kasí, owó ẹ̀yìn líle ẹ̀ẹ̀mejì kì í sì í ṣe kékeré.