Okùn Bàtà Ò Le Ju Tẹn-tẹn Lọ

Ẹ̀yin òbí, ẹ okun o. Iṣẹ́ fisioterápì, ìyẹn ìtọ́jú iṣan àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ni mò ń ṣe ní Kàbà, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tí mò ń tọ́jú. Ìyá kan mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 wá láti ìlú Ìyàrá. "Dókítà, ọmọ yìí ò lè so okùn bàtà. Mo kọ́ ọ títí, kò wọ̀ ọ́ lórí."

Mo ní kó so ó lójú mi. Ó kọ́ okùn méjèèjì, ó fà á, ó ta òjóbó. Bó ṣe fẹ́ yí okùn kejì ká a ni ìyá rẹ̀ ké: "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀!" Ọwọ́ ọmọ dúró, okùn tú, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ibì kan náà ló ti ń já.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọmọ á máa ronú sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá ti ń tún un ṣe, ọpọlọ á di ìgbésẹ̀ méjì, mẹ́ta pọ̀ ní ìdì kan, bí ìdì igi. Ẹ wo àwọn ọmọ tó ń ta tẹn-tẹn. Ẹ dá wọn dúró láàárín, kí ẹ bi wọ́n pé ẹsẹ̀ wo ló kàn. Ọ̀pọ̀ wọn á ní láti bẹ̀rẹ̀ látòkè kí wọ́n tó rí i. Ìdì ló wà lára wọn, kì í ṣe ẹyọ igi. Ọmọ tí a bá ké mọ́ láàárín ìdì, gbogbo rẹ̀ ló ń tú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe yìí ò sì parí nígbà tí ọmọ bá dìde. Ní ọdún 2007, àwọn olùwádìí ní yunifásítì Haifa ní Ísírẹ́lì kọ́ àwọn ọmọ ọdún 9, 12 àti 17 láti máa fi àwọn ìka yòókù kan àtàǹpàkò lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìtẹ̀léra kan. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ gbogbo wọn ti yá sí i, láìtún kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́ wọn ní ìtẹ̀léra mìíràn lẹ́yìn wákàtí 2, àwọn ọmọ ọdún 17 pàdánù èrè ọjọ́ kejì yẹn; ti àwọn kékeré ò yẹ̀. Nítorí náà ẹ má bẹ̀rù pé ijó tí wọ́n kọ́ nílé ìwé á lé okùn bàtà lọ. Àárẹ̀ àti igbe ni mo máa ń rí tó ń ba nǹkan jẹ́.

Ìyá àgbà mi ní Bùnú ò kàwé, ṣùgbọ́n bó ṣe kọ́ wa ní òfì náà nìyẹn: díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la, kò sì jẹ́ kó sú wa.

Mo ní kí ìyá ọmọ yìí so okùn náà títí yóò fi ku ìgbésẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kí ọmọ kàn fa òjóbó le. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kí ọmọ gba ìgbésẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn. Ìṣẹ́jú 10 péré lóòjọ́, ọ̀nà kan náà. Ẹ̀gbọ́n ò gbọdọ̀ mú ọ̀nà tirẹ̀ wá.

Bó bá jẹ́ pé bọ́tìnì, ṣíbí, sísáré àti kíkọ̀wé ló jọ ń dà ọmọ yín láàmú, ẹ mú un wá fún àyẹ̀wò. Nínú ọmọ 100, bí 5 sí 6 ló ní ìṣòro yìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe òmùgọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wọ́n padà dé. Okùn tú lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń so ó. Òjóbó kan tóbi ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sí lára bàtà. Ewúrẹ́ tó ń kọjá ló ń wò.