Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ká sá marathon: kí ló dé tí wọ́n ní kí àgbà dín eré kù?

Àwa kan máa ń pàdé ní ìdájí lẹ́bàá pápá ìṣeré ńlá tó wà ní Surulere, níbi tí marathon Èkó, eré kìlómítà 42, ti ń gbéra. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí oṣù kìíní bá ti ń parí lọ, tí eré oṣù kejì ń kanlẹ̀kùn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí. Mo wá kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú àwọn ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 63 ni mí. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń múra. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, wọ́n ní kí n dín eré kù. Ṣé gbogbo agbára tí mo ti kó jọ ò ní dànù?

Kò ní dànù. Kì í ṣe ìgbà téèyàn ń sáré ni ara ń le. Ìgbà yẹn, ńṣe ni iṣan ń ya wẹ́wẹ́, tí ṣúgà tó kó pamọ́ ń tán lọ. Ìgbà téèyàn bá jẹun tó sì sùn ni ara ń rán ibi tó ya, tó sì ń fi okun kún un. Èrè eré gígùn kan lè tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó jáde. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá sá kìlómítà 30 nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ, èrè rẹ̀ ò ní tíì dé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ nílò rẹ̀. Àárẹ̀ rẹ̀ nìkan lẹ máa gbé lọ síbẹ̀.

Ọmọ ọdún 25 lè sùn lóru méjì kó gbàgbé pé òun sáré. Ara tiwa kì í tètè tún ara rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Èmi náà ti dán an wò nígbà tí mo wà lẹ́ni ọdún 58. Ẹ̀rù ló ń bà mí pé mi ò tíì ṣe tó, ni mo bá sá kìlómítà 32 nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ eré, a gun afárá Third Mainland, omi ọ̀sà lọ rẹrẹẹrẹ, oòrùn ti yọ sókè, itan mi méjèèjì wá wúwo bí àpò tí wọ́n rọ iyanrìn tútù sí. Mo di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, mo dúró. Mo parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn ni mo fi èyí tó pọ̀ jù rìn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rí ohun tí mo rí lórí afárá yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé kí n kúkú jókòó sílé ni?

Rárá o. Ẹni tó bá jókòó pátápátá, ara rẹ̀ á gan bí igi. Iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń sáré lè má fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ibi tẹ́ ẹ ń sá dé ni kó kúrú. Ká ní kìlómítà 50 lẹ máa ń sá lọ́sẹ̀. Ẹ mú un wá sí bíi 38 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sá bíi 27 lọ́sẹ̀ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ eré gan-an, kó má kọjá 15 kí ọjọ́ náà tó pé. Lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú kan-kan sáré kíákíá lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹsẹ̀ má gbàgbé.

Ohun kan wà tí àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ kì í sábà sọ. Àwọn tó yára ti délé kí oòrùn tó mú. Àwa tó ń lò tó wákàtí márùn-ún tàbí mẹ́fà, oòrùn ọ̀sán ló ń bá wa dé Eko Atlantic, níbi tí eré ti ń parí. Nítorí náà, tí dókítà yín bá fọwọ́ sí i, ẹ má sá gbogbo eré kúkúrú yìí ní ìdájí. Ẹ sá díẹ̀ nínú rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kí ara mọ ooru. Òun náà ń gba bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó mọ́ ara lára.

Ìbéèrè: Látìgbà tí mo ti dín in kù, ẹsẹ̀ mi wúwo, orúnkún tí kì í dùn mí tẹ́lẹ̀ ti ń dùn mí, mo sì ti fi kílò kan sanra. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ ni. Iṣan ń kó ṣúgà pamọ́ de ọjọ́ eré, gíráàmù kan rẹ̀ sì máa ń fa bíi gíráàmù omi mẹ́ta mọ́ra. Ibẹ̀ ni kílò yẹn ti wá, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ má febi pa ara yín nítorí rẹ̀. Ní ti ìrora kéékèèké tó ń ṣí kiri, ara tó ti ń ṣiṣẹ́ fún oṣù mélòó kan ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ìrora tó dúró sójú kan lórí eegun, èyí tó ń mú yín tiro, tàbí ibi tó wú, ẹ má fara dà á. Tó bá sì jẹ́ pé àyà ń dùn yín, tàbí ojú ń ṣú yín bẹ́ ẹ ṣe ń sáré, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Marathon mìíràn ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè: Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mò ń lò ńkọ́?

Ẹ má dá a dúró fúnra yín. Àwọn kan nínú wọn máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ dáadáa, omi á sì tètè tán lára nínú ooru, nítorí náà ẹ bá dókítà sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Oògùn ìrora bí ibuprofen ni kẹ́ ẹ yàgò fún láàárọ̀ ọjọ́ eré. Pẹ̀lú òógùn tó ń dà, ó lè ṣe kíndìnrín níjàm̀bá. Bákan náà, òǹgbẹ kì í tètè gbẹ àgbà bíi ti ọmọdé, torí náà ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ má sì mu ún ní àmujù: omi tó pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, ó sì ti pa sárésáré rí.

Ìbéèrè: Oúnjẹ ńkọ́?

Ìrẹsì, iṣu, ẹ̀kọ, dòdò, fún ọjọ́ méjì tó gbẹ̀yìn. Ẹ fi ẹ̀wà àti ata púpọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú eré. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, dókítà rẹ̀ ni kó bá ṣètò tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé àgbà ń sá a dáadáa?

Ed Whitlock, ará Kánádà, sá a ní Toronto lọ́dún 2003 nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 72, kò lo tó wákàtí mẹ́ta. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti lé ní 70 tó ṣe é. Ní 2016, nígbà tó pé 85, ó tún sá a ní wákàtí 3 àti ìṣẹ́jú 56. Inú itẹ́ òkú kan nítòsí ilé rẹ̀ ló ti máa ń sáré yípo fún wákàtí púpọ̀, jẹ́jẹ́ ni. Mariko Yugeta ará Japan náà sá a nígbà tó ti lé ní 60, kò lo tó wákàtí mẹ́ta.

Ìbéèrè: Tí mi ò bá rí oorun sùn lálẹ́ tó ṣáájú ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ wa kì í rí i sùn. Oorun alẹ́ tó ku ọjọ́ méjì ló ṣe pàtàkì jù, ẹ rí i pé ẹ sun ìyẹn dáadáa. Lálẹ́ tó ṣáájú, ẹ kó kánfáàsì tó ti mọ́ yín lẹ́sẹ̀ sórí àga, ẹ fi pín-ìn-nì mú nọ́ńbà eré yín mọ́ aṣọ, ẹ tú omi sínú ìgò, kẹ́ ẹ wá dùbúlẹ̀ kẹ́ ẹ nasẹ̀, bẹ́ ẹ tiẹ̀ lajú sílẹ̀.