Ìfiwéra oyè àwọn ọ̀gágun láti orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè

Oyè ọ̀gágun ni oyè tó ga ju Colonel lọ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ní Nàìjíríà, Brigadier-General ló kọ́kọ́ wà, Major-General tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Lieutenant-General, kó tó kan General. Field Marshal wà lórí ìwé, àmọ́ ọmọ Nàìjíríà kankan kò tíì jẹ ẹ́.

Kíka ìràwọ̀ èjìká ló máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ní Àbújá, wọ́n sábà máa ń pe Major-General ní oníràwọ̀ méjì bíi ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ ìràwọ̀ kan ṣoṣo ló wà lórí idà àti ọ̀pá àṣẹ tó dábùú ara wọn ní èjìká rẹ̀. Brigadier-General tó kéré sí i ló ní ìràwọ̀ mẹ́ta àti ẹyẹ idì. Lieutenant-General kò ní ìràwọ̀ rárá, idì nìkan ló wà lórí idà àti ọ̀pá tirẹ̀. General ló ní idì àti ìràwọ̀ pọ̀. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti mú ètò yìí, a fi idì rọ́pò adé ọba wọn.

Gẹ̀ẹ́sì kì í ka Brigadier, oyè tó bá Brigadier-General wa dọ́gba, mọ́ ọ̀gágun. Nàìjíríà náà lo Brigadier tẹ́lẹ̀: oyè tí Samuel Ademulegun jẹ nìyẹn nígbà tó ń darí bìrìgéèdì kìíní (ìsọ̀rí ńlá kan nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun) ní Kàdúná, kí wọ́n tó pa á ní January 15, 1966.

Ìlànà Faransé, tí Nìjẹ̀r àti Kamẹrúùnù tó bá wa pààlà ń tẹ̀ lé, bẹ̀rẹ̀ láti ìràwọ̀ méjì. Général de brigade wọn, oníràwọ̀ méjì, bá Brigadier-General wa dọ́gba. Général de division ní mẹ́ta, òun sì ni ẹgbẹ́ Major-General. Ẹni tó bá ka ìràwọ̀ nìkan á gbé àlejò sí ìjókòó tó ga ju tirẹ̀ lọ.

Rọ́ṣíà kò ní Brigadier rárá: láti Colonel, Major-General oníràwọ̀ kan ló kàn. Ní Ṣáínà, oyè kan wà láàárín Colonel àti ọ̀gágun, ìràwọ̀ mẹ́ta sì ni ọ̀gágun wọn tó ga jù ń gbé.

Nítorí náà, orí Colonel ni ká ti máa ka àkàsọ̀ oyè lọ sókè, ká wo bóyá orílẹ̀-èdè náà ní Brigadier, lẹ́yìn náà ká béèrè iye ọmọ ogun tí ọ̀gágun náà ń darí. Major-General ló ń darí dífíṣọ̀n, ìsọ̀rí ọmọ ogun tó tóbi ju bìrìgéèdì lọ, ní Nàìjíríà, bíi ti Kàdúná, Màídúgùrí àti Sókótó. Bí oyè méjì bá dọ́gba, ẹni tó kọ́kọ́ gba oyè ni àgbà.