Kì í Ṣe Ẹ̀mí Àìmọ́ Ló Ń Sọ̀rọ̀, Ọpọlọ Ló Farapa

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ kì í ṣe ẹni tí ẹ ó máa gbé kiri ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lé ẹ̀mí jáde. Ó ti sú mi láti máa sọ ọ́. Àwọn mọ̀lẹ́bí á ní àwọn ti gbọ́, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún gbé òmíràn wá bá àwa dókítà nígbà tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Èèpo òde ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ wà. Mílímítà 2 sí 4 péré ló nípọn, síbẹ̀ ọ̀tọ̀ ni iṣẹ́ tí ibì kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀. Ti ìpàkọ́ ló ń jẹ́ ká dá ohun tí ojú rí mọ̀. Ti iwájú orí ló ń ro nǹkan ṣáájú, tó sì ń kó wa níjàánu. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń pàṣẹ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ti abẹ́ àtàrí ló ń mọ̀ bí nǹkan bá kan ara. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọ̀tún ara, ọ̀tún ló ń darí òsì. Èyí kò le.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Apá òsì ló ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ jù lọ wa. Ní 1861, dókítà ará Faransé kan, Paul Broca, yẹ ọpọlọ ọkùnrin kan wò lẹ́yìn ikú rẹ̀. “Tan” nìkan ni ọkùnrin náà ń lè sọ. Broca bá ọgbẹ́ ní iwájú ọpọlọ lápá òsì. Ẹni tí ibẹ̀ bá bàjẹ́ fún mọ ohun tó fẹ́ sọ, àmọ́ á làágùn kí ọ̀rọ̀ kan tó jáde.

Ní 1874, Carl Wernicke ará Jámánì ṣàlàyé ibi kejì, lẹ́yìn ẹ̀bátí òsì. Èyí ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ọ̀rọ̀ á máa ṣàn geere lẹ́nu aláìsàn, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè sódò bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò ní sórí kò ní sídìí. Ẹ ní kó pa ojú dé, á rẹ́rìn-ín sí yín, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ lè má rọ, ẹnu lè má wọ́. Rọpárọsẹ̀ náà ni!

Wọ́n gbé ìyá kan wá bá mi, okùn ti bó o lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n ní èdè àwọn òkú ló ń sọ. Mo na bírò sí i pé kí lèyí, ó fi ìdánilójú pe orúkọ kan tí kò sí lédè kankan. Àwòrán orí rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó dì ló dí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ibi tí Wernicke ṣàlàyé yẹn. Láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ la máa ń fẹ́ fúnni ní oògùn tó ń yọ́ irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀. Orí ìdè ni wákàtí tirẹ̀ ti tán. Ẹni tó sì gbowó lọ́wọ́ wọn tó dè é mọ́lẹ̀ kò mọ iṣan kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó bá wálẹ̀ jù náà lè da ọ̀rọ̀ rú. Ilé ìwòsàn la ti máa mọ̀yẹn. Ẹ wo aago lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má fi oúnjẹ tàbí àgbo sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ tó ń yàwòrán orí wà. Bó bá jẹ́ pé ojú oorun ló ti bá a, ìgbà tí ẹ rí i kẹ́yìn tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni ẹ ó sọ fún wa, torí ibẹ̀ la ti ń ka wákàtí.